Aṣọ Tútù Tí Mo Fi Tan Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Jẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbani nímọ̀ràn, ẹ fara mọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá kan nítorí ohun tí èmi ṣe, mi ò sì lè gbé e mọ́ra mọ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ní Barking, ní London níbí. Ẹnu géètì la ti ń bọ́ bàtà. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ kan wà. Wọ́n tẹ́ wáyà tó ń gbóná sábẹ́ rẹ̀ kí yìnyín lè máa yọ́, kí àwọn àgbà má bàa ṣubú. Ojú kékeré kan wà nínú ilẹ̀ náà tó ń mọ̀ bí ibẹ̀ bá tutù tó sì rin. Bí kò bá sí yìnyín, iná náà gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó ṣe é ní òfin ni, kí a má bàa fi iná ṣòfò.

Ṣùgbọ́n òtútù kì í dúró de yìnyín. Ẹsẹ̀ Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ti sán. Bí wọ́n bá tẹ ilẹ̀ yẹn láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n á di apá mi mú gírígírí.

Ni mo bá di omi dídì sínú aṣọ tútù, mo gbé e lé ojú yẹn kí àwọn èèyàn tó dé. Ó rò pé yìnyín ń bọ́. Ilẹ̀ gbóná. Gbogbo Sọ́ńdè tí òtútù bá mú ni mo ń ṣe é.

Ìyá Ìjọ jó lórí rẹ̀. "Ẹ wá fẹsẹ̀ kàn án o! Ilẹ̀ mímọ́ nìyí! Hítà ilé mi ò tó o!"

Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn nígbà yẹn.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iná ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, pé ẹnì kan ló ń fọwọ́ tàn án. Bàbá Dúró, tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wa, nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n ti ń tan iná náà. Alàgbà gbà á lọ́wọ́ wọn níwájú ìjọ.

Bàbá ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Àbí Ẹ̀mí ló tàn án?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá ń jókòó sí. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, yìnyín gidi bọ́. Níta géètì, níbi tí wáyà kò dé, Bàbá na ọwọ́ sí mi. "Rọra o, ọmọ mi, ilẹ̀ ń yọ̀."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣùgbọ́n kí ìdáhùn yín tó dé, Bàbá á tún ti jókòó sẹ́yìn.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alàgbà. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí káńtà, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo fi ṣe. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà, mo tẹ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ Bàbá. Níwájú ìjọ lẹ ti gbà á. Níwájú ìjọ ni mo fẹ́ dá a padà."