Kí Èrò Wá Bá Mi Níbẹ̀

Ẹ bá mi kí ọ̀mọ̀wé tó ń ròyìn ọdún 2000 tí kò tíì dé bí ẹni tó sùn níbẹ̀ lánàá. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ń rọ ìyá rẹ̀ nínú takisí tí a jọ wọ̀ l'Ábẹ́òkúta pé kó kó ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ kúrò ní Ṣàpọ́n.

"Màmá, èrò ń bọ̀ lọ́dún 2000! Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí pàápàá, a ti kà wọ́n. Òkè-Ìléwó ni wọ́n á ti máa nájà."

"Èwo ni tìrẹ nínú àwọn ọmọ náà, ìwọ tí o ò tíì láya?"

"Màmá, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló kù l'Ókè-Ìléwó!"

Ni ìyá bá pariwo: "Dẹ́rẹ́bà, má dúró ní Ṣàpọ́n mọ́, gbé wa dé Òkè-Ìléwó! Kí èrò wá bá mi níbẹ̀ ló dáa, ju kí n máa sáré tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ ogbó."

Mo fi ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni mí, èmi náà ti ka àwọn ọmọ ọ̀hún fún kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò sì tíì láya.