Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Fóònù

Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè díẹ̀ kí n lè mí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀ ń pè mí ní Ọ̀gá Ajífóònù, ẹ sì gbé èso wá kí mi. Ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ ọmọ mi obìnrin. Dókítà ní ọkàn mi ti gbó, kò sì sí ẹ̀yà tí a lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni kí n gbé irọ́ yìí wọlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyàwó ọmọ mi ti rò pé omi ló ba ohùn ìyá òun tó wà nínú fóònù jẹ́. Kì í ṣe omi. Èmi ni.

Nígbà tí ó lóyún, orúkọ ọmọ di àríyànjiyàn nílé wa. Ìyàwó mi fẹ́ Moróunkọ́lá. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ orúkọ kan tó gbọ́ nínú fíìmù, ìyá rẹ̀ sì bi í pé, "Ṣé ọmọ lo fẹ́ bí ni, àbí ọṣẹ lo fẹ́ tà?" Èmi, orúkọ tó kúrú, tí èèyàn lè pè láti òdìkejì títì, ni mo fẹ́. Mo ti mú Ìlérí. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá pariwo rẹ̀, màá tẹ́tí gbọ́ bó ṣe ń dún, bí ẹni ń dán gbohùngbohùn wò.

Ìyàwó ọmọ mi kì í bá wa jà. Èdè ìyá rẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ rárá. Ilẹ̀ mìíràn ni òun dàgbà sí, kò gbọ́ ju ìkíni lọ. Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà wó, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bọ́ síta ná. Mo fẹ́ sọ orúkọ sínú rẹ̀. Má gbọ́ ọ títí ọmọ á fi dé, kí ìwọ àti òun lè jọ gbọ́ ọ." Ìyá náà kú kí ọmọ tó dé. Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú ìyàwó ọmọ mi, fóònù bọ́ sínú garawa omi.

Ó gbé e fún mi tòun ti ọmọ lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀yin nìkan ni mo ní." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò lè jí." Òótọ́ ni mo sọ nígbà yẹn. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo máa ń kọ́ yín? Fóònù kì í kú tán lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí iná ń gbà wọlé lè jóná, kí ibi tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn há táwọn ará ilé sì jókòó sínú ilé wọn. Mo yọ ibi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fóònù mìíràn. Ó tàn! Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pe ìyàwó ọmọ mi. Etí ń yún mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó náà wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó pe orúkọ náà, ó sì fi èdè wa sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀fun, bí ẹni tí eegun ẹja há, ahọ́n ta pẹ́ẹ́ láàárín rẹ̀, ó wá lọ pa ẹnu dé sínú imú. Ìyàwó mi wọlé. "Ṣé orúkọ nìyẹn, àbí wọ́n ń lé adìyẹ?" Mo ní wọ́n á fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o," ó sì yí ohùn rédíò sókè. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìka tèmi ni. Fóònù pàápàá bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun pa ohùn náà rẹ́. Ẹ̀rọ lásán ló rántí bi mí! Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé omi ti wọ inú fóònù náà jù. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! A sọ ọmọ ní Ìlérí. Mo rò pé ó parí. Àfi bí ó ṣe tún gbé fóònù yẹn dé bẹ́ẹ̀dì yìí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tó ní, "Bàbá, ọmọ ń bi mí léèrè orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́. Ẹ ti mọṣẹ́ sí i báyìí. Ẹ bá mi tún un wò." Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá orúkọ yẹn lẹ́nu ara mi. Mo fún ọ̀fun, mo ká ahọ́n, mo fi imú kùn, nọ́ọ̀sì sì sáré dé, ó rò pé mò ń kú lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á wá, ìparí á kọ̀. Èmi tí mò ń jí òkú ẹ̀rọ!

Láàárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ pè é." Mo gbìyànjú. Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó ń wo ẹnu mi. "Bàbá Àgbà, ṣé èmi nìyẹn?" Mo ní, "Ìdajì rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Èmi ni mo ju ìdajì yòókù nù." Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde. Wọn ò tíì padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bá wà nínú fóònù oníbàárà kì í ṣe tiyín, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jí i. Bí orúkọ ọmọ kò bá sì wọ̀ yín lẹ́nu, ẹnu yín ni kí ẹ tún ṣe. Mi ò lẹ́nu láti bẹ ìyàwó ọmọ mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìtumọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ ṣì wà lórí mi: ẹni tó wá jókòó tì mí. Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ ní ibùdókọ̀, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ìyàwó ọmọ mi ni kí ẹ sáré lọ sọ ọ́ fún.