Àmín Inú Fóònù

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Peckham lọ sí Sydenham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó jókòó níwájú mi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fi béèsìbọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà.

"Ṣé ẹgbẹ́ yín máa lé ẹ ni?"

"Mi ò mọ̀, Mummy. Mọ́ńdè ni wọ́n máa pè mí. Wọ́n ti wo gbogbo fídíò mi. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò ní wàhálà, pé ọkàn mi ni ò balẹ̀."

"Kí ló dé tí ò fi balẹ̀? Ṣebí gbogbo mọ́sálásí ló ń bá wa ṣàdúrà?"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Àmín wọn tí ẹ máa ń gbà sínú fóònù fún mi, mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó wọ pápá. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ojú mi ń rí i. Èmi ni mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́. Mo kàn ń rò ó pé, tí igi tí mo fi ń gbá a ò bá bà á, kí ni màá sọ fún gbogbo èèyàn yẹn?"

"Ṣé kí n ní kí Ààfáà dá àdúrà náà dúró ni?"

"Rárá o. Ẹ máa ṣe é. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n gbọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọn ò wẹ̀yìn. Ọmọ tí Ààfáà máa ń ní kí mọ́sálásí wa ṣàdúrà fún nìyẹn. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwọn obìnrin wa ń jókòó níbẹ̀, n kò sì mọ ojú ìyá náà rí, ṣùgbọ́n ohùn mi ló máa ń ròkè jù nínú àmín yẹn.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ààfáà tún bẹ̀ wá pé ká ṣàdúrà fún ọmọ náà. Mo ṣe àmín, ètè mi nìkan ló mì.