Ó Ku Ẹ̀jẹ̀

Nínú mọ́tò tó gbé wa láti Àrámọkọ lọ sí Ìjerò ni mo ti gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi pé: "Màámi, mo ti parí òkú yín. Ó ku ẹ̀jẹ̀."

Mo yíjú padà. Awakọ̀ pàápàá bojú wẹ̀yìn.

"Yéè! Òkú ta ni?" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

"Àwòrán yín ni, Màámi! Bí ọ̀gá tó ń kọ́ mi ṣe ń pè é nìyẹn. Àwọ̀ eérú nìkan la kọ́kọ́ fi ń kun ojú èèyàn. Lẹ́yìn náà la óò wá máa fi ọ̀dà olóròóró tó fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ lórí, tí abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa hàn. Bí ọ̀kan bá gbẹ, a ó fi òmíràn lé e, títí ara á fi padà pupa."

Ó ku ẹ̀jẹ̀! Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti kùn mí ní eérú. Kò sẹ́ni nínú wọn tó rántí pé ó ku ẹ̀jẹ̀.

"Ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún mi dé tán," ni ìyá náà wí. "Ṣé òkú mi lo máa gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì lójú ẹgbẹ́ mi?"

"Bí mo bá kánjú, yóò bàjẹ́."

"Bí mo bá ṣáájú ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ ńkọ́?"

"Ẹ ò ní kú, Màámi. Ẹ óò pẹ́ fún wa."

"Má fi àdúrà dá mi lóhùn. Lọ kùn ún."