Apá Evald Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Alága wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hillevi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kí, nítorí ọwọ́ yín ni ọ̀bẹ kéèkì wà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìntì ṣáájú mi, mo kí yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ibi ìfọ́kúta wá nínú yìnyín, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n orí mi ti dàrú láti àárọ̀, n ò mọ ibi tí màá ti mú un.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n rìrì lé iṣan apá àwọn èèyàn. A ó ní kí wọ́n dijú. Apá wà lórí tábìlì, kò mì, síbẹ̀ olúwarẹ̀ á máa búra pé ó ń nà lọ, á sì fi apá kejì júwe ibi tó rò pé ó dé. Ṣé ara ló ń purọ́ fún wa ni, àbí àwa ni kò gbọ́ èdè rẹ̀? Títí dòní, n ò mọ̀. Solveig, ìwọ tí ò ń fi ọ̀bẹ bọ́tà tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Evald, mo rí ọ lẹ́yìn yàrá níbẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ lọ sílé ìwé. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, o fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ tí ń lu òkúta nítorí apá rẹ ń kú tipiri, ọ̀gá rẹ ní kó o wá gba ìwé àyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa. Mo gbé ẹ̀rọ lé ọ lápá. Mo ní, “Apá ẹ ti dé ibo?”

O ní, “Ibi tí mo gbé e sí náà ló wà.”

“Dijú dáadáa, má ṣeré.”

“Mo ti dijú, Gunvor. Àbí kí n kúkú sùn?”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Mo kọ ọ́ pé o kò ṣe ohun tí a ní kó o ṣe, pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ yá ni ẹ̀rọ wa ń tàn; àìmọ̀ ọ́n lára yẹn gan-an ni àìsàn tí ẹ̀rọ òkúta fà. O padà sídìí òkúta. Lọ́dún kẹta, o rò pé o ti di àkàsọ̀ mú, ọwọ́ rẹ kò tíì dé ibẹ̀, o sì já bọ́. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo tì ọ́, n ò sì kọ́ ọgbọ́n.

Ọwọ́ tí mo fi ń di ẹ̀rọ náà mú ti ń tan èmi náà báyìí. Láàárọ̀ yìí, mo rò pé mo di ife kọfí mú, àfi ìgbà tó fọ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ara yín má ṣe dà yín. Kí ẹsẹ̀ yín máa bá ilẹ̀ níbi tí ẹ fojú sí.

Evald, màá na ọwọ́ yìí síwájú. N ò mọ̀ bóyá ó nà tán, n ò sì mọ̀ bóyá o lè dárí jì mí. Bí o kò bá fẹ́ wá, jókòó, mo gbà, wọn á gé kéèkì. Bí o bá wá, dì í mú gidi, kí n lè mọ ibi tó wà. Gbogbo yín, ẹ ṣé o. Mo ti dijú.