Bọ́ọ̀lù Tí Kebbeh Kò Sọ Nù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní yunifásítì kan níbí, ní Monrovia. Torí pé mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì nígbà ọmọge mi, wọ́n ní kí n máa ran kóòṣì àwọn obìnrin lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ta ló sọ ọ́ nù. Ìwé mi yẹn ni kóòṣì fi ń pinnu bí a ó ṣe gbá a.

Ẹgbẹ́ méjì ló mú iwájú nínú ìdíje àwọn yunifásítì nígbà náà, àwa àti yunifásítì kan tó wà ní òdìkejì ìlú. Wọn ò ga jù wá lọ, a ò sì mọ̀ ọ́n gbá jù wọ́n lọ. Bí oníkálukú ṣe ń gbá a ló yà wá sọ́tọ̀. Àwọn a máa rọra gbé bọ́ọ̀lù wá, wọ́n á máa nà án síra wọn títí ẹni gíga wọn yóò fi ráàyè lábẹ́ àwọ̀n. Àwa, eré la ń sá. Kebbeh, ọmọbìnrin kúkúrú kan láti àdúgbò Logan Town, ló ń ṣáájú. Kí wọ́n tó yíjú padà, ó ti jù ú wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì la pàdé wọn lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la nà wọ́n.

Àmọ́ Bọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ga, kò kàn lè sáré ni. Tí a bá ti ń sáré, orí bẹ́ǹṣì ni yóò wà. Ẹ̀gbọ́n mi á pè láti Ìlọrin pé, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ọmọ òun gbá a? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fi òwe yẹn tan ara mi jẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ sínú ìwé. Bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn sọ nù, mo kọ ọ́ sí Kebbeh lọ́rùn. Kóòṣì kà á sétí gbogbo wọn, ó mirí. "My people, this running business will kill us o," ló wí. Ó ní ká máa rọra gbá a, kí bọ́ọ̀lù máa lọ sọ́dọ̀ Bọ́lá.

Báyìí la ṣe dé àṣekágbá, tí a lọ bá àwọn tó ti ń rọra gbá a tipẹ́tipẹ́ du iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà. Nígbà tó ku díẹ̀, Kebbeh ní kóun sáré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ń sunkún. "Auntie, I sorry, ya. I spoil it." Mo gbá a mọ́ra, mo ní kò burú. Kò padà sínú ẹgbẹ́ mọ́. Bọ́lá náà ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ látìgbà tó ti jáde ní yunifásítì.

Kebbeh ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní básíkẹ́ẹ̀tì ní Logan Town báyìí. Ní Sátidé, ó pè mí kí n wá wò wọ́n. Ọmọ kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, tó ń sáré gẹ́lẹ́ bí Kebbeh ṣe ń sá a. Kebbeh fọn fèrè, ó dá a dúró.

"Small-small, I say. Running can make you lose the ball. Ask my auntie, she wrote it down."

Ọmọ náà yíjú sí mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ dé ẹnu mi lọ́jọ́ náà, mo gbé e mì. Mo ní kó gbọ́ ohun tí kóòṣì rẹ̀ wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá jẹ́wọ́, Kebbeh lè má fojú kàn mí mọ́, n kò sì ní bá a jiyàn. Ó ní kí n tún wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀: Kebbeh ni, àbí ọmọ kékeré yẹn?