Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Khaukha Pè Ní Òkú

Wọ́n ti gbé pósí Bàbá Wepukhulu sí etí kòtò, ó ku kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí Bàbá Wamimbi, àgbà ìdílé, gbé ọwọ́ sókè, tó sì béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìsìnkú gbogbo ní apá òkè yẹn kí ilẹ̀ tó gba òkú. Ó ní, "Ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kó jáde. Ẹni tó bá sì jẹ olóògbé, kó jáde. Tí a bá ti bo iyẹ̀pẹ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má wá kanlẹ̀kùn wa o." Obìnrin kan jáde, ó ní bàbá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ òun, kò tíì sanwó. Gidudu, ọmọ olóògbé, san án lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun yá ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá, òun kò sì dá a padà. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó sáré lọ mú ọkọ́ náà wá, iṣẹ́ ti wà fún un nílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Khaukha dìde.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ó dìde. Inú ọgbà kọfí Khaukha ni wọ́n gbẹ́ sàréè náà sí, ọ̀fẹ́ ló sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yìn ín. Khainza, àbúrò olóògbé lóbìnrin, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe èèyàn láti orí òkè kejì, pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó ti dìde! Ó tún fẹ́ fún wa ní nǹkan kún un. Ìyá tó bí ọmọ yìí kò bímọ lásán!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Khaukha dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wo pósí, ó wo Gidudu, ó sì mọ̀ pé bí òun bá jókòó padà báyìí, òun kò ní rí ẹsẹ̀ fi dìde mọ́ títí òun náà yóò fi wọ ilẹ̀.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi," ó ní. "Mo jẹ olóògbé ní gbèsè. Mo jẹ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Òní ni mo máa bì í, ohun tó bá sì fẹ́ tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó yọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sórí ọ̀kadà lọ́hùn-ún, ẹ súnmọ́ tòsí. Tiyín wà nínú rẹ̀."

Gbogbo wọn mọ ohun tó wà láàárín òun àti Gidudu. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti dábẹ́ fún àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ti di géńdé, lójú gbogbo ìlú, ní ọjọ́ kan náà. Abẹ kan náà ló gé wọn, kò sì sí èyí tó ṣẹ́jú nínú wọn. Irú ọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀ kì í pe ara wọn lórúkọ mọ́. Ará abẹ ni wọ́n ń pe ara wọn títí tí ikú á fi dé. Èèyàn lè purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó lè purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kí ilé lè tòrò, ṣùgbọ́n kì í purọ́ fún ará abẹ rẹ̀.

Khaukha ló ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Mbale, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, nítòsí ilé aago. Gidudu ní tirẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ kó kọfí àti àlùbọ́sà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tí ìyá Gidudu ń ṣàìsàn tó pa á, bàbá rẹ̀ fi ọgbà kọfí yìí dógò lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ṣílè ni wọn yóò fi gbà á padà, ó pẹ́ tán, nígbà tí ìkórè bá parí. Gidudu ti tu ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó jọ, ìkórè sì ti ń lọ sópin.

"Èmi ni mo pè é," Khaukha wí. "Kò fúnra rẹ̀ wá. Mo ní, 'Ará abẹ, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọ ọmọ rẹ ló máa gba ilẹ̀ yìí padà. Wá.' Mo mú un dé iwájú ògiri wa, mo fi ìka hàn án: èyí ni pé onílé á borí, èyí ni pé wọ́n á ta ọ̀mì, èyí ni pé àlejò á borí, èyí ni pé góòlù á tó mẹ́ta láàárín wọn. Mo ní iye tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi sọ owó rẹ di púpọ̀. Bí iye náà bá kéré, ohun tí gbogbo ayé ń retí ni. Bí ó bá tóbi, ohun tí kò dájú ni. Ó lo gbogbo ọ̀sán láti yan ìdíje bọ́ọ̀lù márùn-ún. Bó ṣe máa ń yẹ hóró kọfí wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń ṣà á, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ̀ wọ́n wò. Ìkíní ìlọ́po méjì, ìkejì ọ̀kan àbọ̀, ìkẹta mẹ́ta, ìkẹrin mẹ́rin, ìkarùn-ún méjì àbọ̀. Ó ro gbogbo wọn pọ̀, ó ní, 'Mẹ́tàlá. Ìlọ́po mẹ́tàlá owó mi nìyẹn?' Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'A kì í rò wọ́n pọ̀. Ohun tí ìkíní bá bí ni yóò wọ inú ìkejì pátápátá, ohun tí ìkejì bá bí á wọ inú ìkẹta. Méjì lọ́nà ọ̀kan àbọ̀, mẹ́ta. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógójì. Lọ́nà méjì àbọ̀, àádọ́rùn-ún.' Ó ní, 'Àádọ́rùn-ún kí ni?' Mo ní, 'Ìlọ́po àádọ́rùn-ún owó rẹ.' Ó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà rẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe lójú òun."

Láàárín àwọn ọ̀dọ́, ẹnì kan pòṣé, ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń mú wa." Ẹlòmíràn ní kó panu mọ́.

"Mo kìlọ̀ fún un," Khaukha ń bá a lọ. "Mo ní gbogbo márààrún gbọ́dọ̀ jẹ, nítorí pé a so wọ́n pọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá kùnà, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Òótọ́ sì ni mo sọ. Ó yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta nínú owó ilẹ̀, ó nà án sí mi. Ohun tí mi ò sọ fún un ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá gbá ìdíje kan rárá. Mi ò tíì fi ìyẹn pa mọ́ nígbà náà, kò kàn sí lọ́kàn mi ni. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí èsì jáde, ó wà lọ́kàn mi dáadáa."

Ẹ̀dá ni Khaukha. Kò sí ọ̀nà tí kò ti gbìyànjú láàárín ọdún méjì náà láti sọ ohun tó tẹ̀ lé e di ohun kékeré. Ó ti pè é ní ìdánwò, ó ti pè é ní kádàrá. Kò rí orúkọ kan tó gbé e dúró.

"Mẹ́rin jẹ," ó ní. "Ìdíje kẹta, òjò sọ pápá di adágún, wọ́n sì fagi lé e. Gidudu wá pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó ní, 'Ará abẹ, mẹ́rin jẹ o! Èyí tó kù, wọn ò gbá a. Ṣé ó kú ni àbí ó wà láàyè?' Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wà láàyè. Òfin wa ni pé ìdíje tí wọn ò gbá, ọ̀kan péré la máa ń kà á sí. Kò sọ owó di púpọ̀, kò sì pa tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀kan rọ́pò mẹ́ta náà: ìlọ́po ọgbọ̀n ló kù. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni. Ara ògiri wa ni wọ́n kọ òfin náà sí, ní èdè òyìnbó, lẹ́tà rẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú ẹni tí a jọ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo ní, 'Ó ti kú. Màlúù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ṣé ó tún ń rìn?'"

Gidudu kò kúrò níbi orí pósí tó dúró sí. Ó ń wo Khaukha bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tó ti gbọ́ rí ní kékeré.

"Ẹ ò mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Màlúù yẹn kúkú gbìyànjú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé.' Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ó rò pé inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ó wá lọ ra ṣàpátì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wé ẹyin, fún mi níwájú ilé. Ó ní, 'Jẹun, ará abẹ. Kì í ṣe ìwọ lo rọ òjò.' Mo jẹ ẹ́. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kọjá ilé aago. Gbogbo ìgbà yẹn, ahọ́n mi ò wúwo, mo lè pè é padà. Ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì wá ni à ń sanwó fún. Èmi mú un wá fún ara mi, èmi sì san án fún ara mi."

"Olè!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ké. "Irú wọn ló ń jẹ wá run!"

"Jókòó," Bàbá Wamimbi wí. "Ẹni tó ń fúnra rẹ̀ bọ́ṣọ kò fẹ́ ẹni tó máa fà á ya. Khaukha, ṣé ó tán?"

"Kò tíì tán, Bàbá. Oníṣòwò gbọ́ pé Gidudu fi owó ilẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ó ní òun ò ní fún un láyè mọ́, kódà ọjọ́ kan. Ó fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Èmi ni mo rà á."

Khainza sún síwájú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ báyìí, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "Owó ta lo fi rà á?"

"Owó Gidudu, Mà. Mo fi díẹ̀ kún un."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orí.

"Bàbá tó wà nínú pósí yìí," Khaukha wí, "láti ọjọ́ yẹn kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo yín gbọ́ ohun tó ń wí: 'Mi ò lọ́mọ. Èyí tí mo ní ti gbá ilẹ̀ mi sínú àwọ̀n.' Ẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi ọtí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì bá yín rẹ́rìn-ín. Mo ti jí owó, mo ti ra ilẹ̀, mo rò pé mo ti ṣe èyí tó burú jù. Irọ́ ni. Lánàá ni mo ṣe é. Gidudu wá bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ará abẹ, bàbá ní àárín kọfí òun ni kí n sin òun sí. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ rẹ ni. Mo wá tọrọ ìwọ̀n tó máa gba òkú kan.' Mo ní, 'Mú ibi tó bá wù ọ́.' Mo fi ilẹ̀ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ó sunkún, ó ń dúpẹ́, ẹ̀yin sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Gbogbo ìyókù wọlé, ìyẹn kò wọlé."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ẹ̀yin, ẹ wò mí. Èmi tí mo mọ gbogbo ìṣirò rẹ̀, ta ló rí mi rí kí n fi owó mi ta á? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì kúkú fẹ́ ta tẹ́tẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó yín nìkan jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó máa jáde. Bí wọ́n bá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jẹ, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí òjò bá rọ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n fún yín ní ààbọ̀, ààbọ̀ tó kù ni wọ́n máa fi jẹ yín. Bàbá Wamimbi, ẹ jẹ́rìí mi: láti ìsinsìnyí, mi ò nílẹ̀ níbí. Kì í ṣe pé mo fi ta Gidudu lọ́rẹ. Tirẹ̀ ni."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ nà án. Gidudu gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́.

"Ó jẹ?" ó béèrè.

"Kí ló jẹ?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ó jẹ?"

"Ó jẹ, ará abẹ."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí." Kò pariwo. "Pẹ̀lú owó tó kù lọ́wọ́ mi, ṣé á tó gba ilẹ̀ yìí?"

"Á tó. Á sì ṣẹ́kù."

Gidudu kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pósí. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè sí Khaukha. "Ìwọ wá sọ fún un. Èmi ti gbọ́. Òun ni kò gbọ́."

Khaukha wá, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ìlú láìṣubú, àmọ́ níwájú pákó yìí, ohùn rẹ̀ fẹ́ sá. "Bàbá Wepukhulu," ó ní, "ọmọ yín kò sọ ilẹ̀ yín nù. Ó ti rí i gbà padà. Èmi ni mo jí i mọ́ ọn lọ́wọ́. Oúnjẹ tí ẹ kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ló yẹ kí ẹ ti kọ̀ ọ́. Ẹ foríjì mí."

Wọ́n dúró, bí ẹni pé ẹnì kan lè dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Khaukha sọ ohun tó ti ń dẹ́rù bà á láti ìbẹ̀rẹ̀. "Gidudu, ṣé wàá foríjì mí?"

"Má tíì bi mí," Gidudu wí. "Mo ń sìnkú lọ́wọ́."

Wọ́n sọ pósí kalẹ̀. Ẹni tó lọ mú ọkọ́ wá ti dé, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Khaukha mú ṣọ́bìrì kan, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa náà. Gidudu na ọwọ́, ó sì rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Fún mi. Bàbá mi ni."

Khaukha fi í sílẹ̀ fún un. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín igi kọfí, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi bo ilẹ̀ náà tán. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lé e.